Ìwé Tó Mọ Odò Wa: Ìwé Ìmọ̀ fún Ọmọdé àti Ọ̀dọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ilé-Ìkàwé

  

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwé tó ń sọ òtítọ́ fún ọmọdé àti ọ̀dọ́: ìwé nípa omi àti ẹranko, nípa ara ènìyàn, nípa ẹ̀rọ àti ìlú, nípa àwọn tó gbé ayé ṣáájú wa. Ìwé ìmọ̀ ni n óò máa pè é. N kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín: àwọn ọmọ wa kò ní i tó. Owó wà lára ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n owó kọ́ ni olórí ìdí náà lójú tèmi. Ohun tó fà á ni pé a kò tíì ka ibi tí à ń gbé sí ohun tó yẹ kí a kọ ìwé lé lórí fún ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú omi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí omi ló yí wa ká. Ọ̀sà wà lápá kan Ògùdù wa níbí, ní Èkó. Odò Ìyá Aláró ń gba ẹ̀gbẹ́ Òjòtá ṣàn lọ sínú ọ̀sà náà. Odò Ògùn ní tirẹ̀ ń ti òkè bọ̀, ó ń gba Ìṣẹ́rì àti ẹ̀yìn Mile 12 lọ sí apá Agbóyì, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó dé ilé. Ní ọdún 1983 ni wọ́n ṣí dáàmù Ọ̀yán lápá òkè Abẹ́òkúta. Odò Ọ̀yán ń ṣàn wọ inú odò Ògùn, dáàmù náà sì lè gba nǹkan bí mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà omi. Nígbà tí òjò bá pọ̀ tí omi inú rẹ̀ sì ń ga, àwọn aláṣẹ odò Ògùn àti Ọ̀ṣun a máa tú díẹ̀ sílẹ̀ kí dáàmù má baà ya. Omi tí wọ́n tú náà kò ní ọ̀nà mìíràn ju ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa lọ. Bí ó bá wá bá ọ̀sà tó ti kún nílẹ̀, kò ní tètè rí ibi wọ̀. Yóò tẹ̀dó sínú ilé àwọn ènìyàn ní Àjégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú, ní Agílítì, ní Owódé Onírin, ní etí Mile 12.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan jí ní àárọ̀ oṣù kẹwàá, ó bá omi lábẹ́ ibùsùn, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀ lánàá, kò rọ̀ níjẹta. Ó bi bàbá rẹ̀ pé, "Bàbá mi, ibo ni omi yìí ti wá?" Ìbéèrè ọmọ yìí ní ìdáhùn. Ìdáhùn náà wà nínú ìwé àwọn ẹlẹ́rọ, ó wà nínú ìròyìn àwọn aláṣẹ, ó wà lẹ́nu àwọn apẹja. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá wọ ilé-ìkàwé, odò Nile ni yóò bá níbẹ̀, yóò bá Amazon, yóò sì mọ bí wọ́n ṣe gùn tó. Odò tó wọ ilé rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n kọ fún irú rẹ̀.

Bí ẹ bá wọ ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó, níbi tí ó bá tilẹ̀ wà, ìwé kíláàsì ni yóò kọ́kọ́ kò yín lójú: ìṣirò, èdè Gẹ̀ẹ́sì, àtàwọn ìwé tí wọ́n to ìbéèrè ìdánwò ọdún tó kọjá sí. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìtàn àròsọ, tí mo fẹ́ràn púpọ̀, tí n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni kó kúrò. Èyí tó kù ni ìwé ọrẹ tó ti òkè òkun wá nínú páálí. Mo ti rí èyí tí Soviet Union ṣì wà lórí máàpù rẹ̀. Mo ti rí odidi ìwé lórí bí ẹranko ṣe ń sùn la ìgbà yìnyín kọjá, ìwé tó dára, tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, ṣùgbọ́n tí ọmọ Alápẹ̀rẹ̀ kò lè jáde síta lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ̀yin alámòójútó ilé-ìkàwé mọ ètò nọ́ńbà tí Melvil Dewey gbé jáde ní 1876. Ẹ padà sílé ẹ yẹ pẹpẹ 500 wò, níbi tí sáyẹ́ǹsì wà, kí ẹ yẹ 600 wò, níbi tí ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹ̀rọ wà. Kí ẹ wá fi wé pẹpẹ ìwé ẹ̀sìn.

N kò sọ pé kí a da ìwé ọrẹ nù. Ọ̀kan nínú wọn ṣe iṣẹ́ ńlá ní ilẹ̀ Màláwì. Ìyàn mú níbẹ̀ ní 2001 wọ 2002, wọ́n sì yọ ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Kamkwamba kúrò nílé-ẹ̀kọ́ nítorí pé àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ àgbẹ̀, kò rí owó san. Ó ń lọ sí ilé-ìkàwé kékeré tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Wimbe. Níbẹ̀ ló ti rí ìwé Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Using Energy, tí àwòrán ẹ̀rọ tí atẹ́gùn ń yí wà lẹ́yìn rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì jinlẹ̀. Àwòrán ló ń tẹ̀ lé, ó sì ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ wọn. Ó ṣa irin kẹ̀kẹ́, ó ṣa fáànù katakata tó ti bàjẹ́, ó gé igi, ó ri ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀, iná sì tàn nílé bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ní 2009 ni ìwé tí òun àti Bryan Mealer kọ nípa rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n sì máa ń fi yin ọgbọ́n orí ọmọ náà. Pẹpẹ ìwé yẹn ni èmi ń wò. Ìwé náà wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí, ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ kò sì lé ọmọ tí wọ́n ti yọ kúrò nílé-ẹ̀kọ́ padà.

Ẹ kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó ní kí William ka ìwé náà fún ìdánwò. Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí àwọn òbí máa ń bi mí pé kí ni ọmọ tún ń fẹ́ nígbà tí ìwé sáyẹ́ǹsì kíláàsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé kíláàsì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó kó ohun tí ìjọba fẹ́ kí ọmọ mọ̀ jọ, ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó fi ìbéèrè sí ìparí orí kọ̀ọ̀kan, ọmọ sì mọ̀ pé òun yóò dá a padà bí òun ṣe gbà á. Ìwé ìmọ̀ tó dára máa ń ṣe nǹkan mìíràn. Ó máa ń jẹ́ kí ọmọ rí bí àwọn tó mọ nǹkan ṣe dé ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n: a wọ ọkọ̀ lọ sí ibẹ̀, báyìí la ṣe wọn ìjìnlẹ̀ omi, apẹja kan sọ báyìí, ẹlẹ́rọ dáàmù sọ ohun tó yàtọ̀, àwòrán tí wọ́n yà láti ojú òfuurufú rèé, ìwọ náà wò ó. Ọmọ tó bá ti ka irú rẹ̀ mélòó kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ìlú yìí ti rí ọjọ́ tí ìbéèrè yẹn wọ́n. Ní oṣù keje ọdún 2014 ni ẹni tó ní àrùn Ebola balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú Èkó láti Liberia. Lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí fò láti orí fóònù dé orí fóònù lóru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ènìyàn jí ọmọ wọn lójú oorun nítorí rẹ̀. Ilé ìwòsàn gba àwọn tí iyọ̀ náà pa lára, ìwé ìròyìn sì kọ ọ́ pé àwọn kan kú. Àwọn tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ kì í ṣe púrúǹtù. Ọ̀pọ̀ wọn ní ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ti kọ́ nípa àrùn ní kíláàsì, wọ́n ti yege nínú ìdánwò rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò bèèrè pé ta ló sọ ọ́, níbo ló ti rí i, ta ló dán an wò. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ló gbà wá: Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọn kò jẹ́ kí aláìsàn náà jáde, àwọn tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti wá ẹni tó bá a pàdé. Àjọ ìlera àgbáyé kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà pé àrùn náà ti kúrò nílẹ̀ wa. Ó yẹ kí ìwé ọmọdé wà lórí èyí ní gbogbo ilé-ìkàwé Èkó, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú máàpù, kí ọmọ lè fi ìka tọ ipa ọ̀nà àwọn tó ń wá aláìsàn kiri.

Àìtó ìwé ìmọ̀ kì í ṣe tiwa nìkan. Nell Duke, onímọ̀ ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà, jókòó sínú kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ogún lágbègbè Boston, ó sì kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé ìṣẹ́jú 3.6 péré ni àwọn ọmọ náà ń lò pẹ̀lú ìwé ìmọ̀ lójúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ìwé kún ilé-ìkàwé tiwọn. Àwọn ará Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ní 1658 ni Comenius tẹ ìwé alàwòrán fún ọmọdé jáde ní Nuremberg, ìwé tó to ayé sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí iná àti atẹ́gùn dé orí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ní Látìnì àti ní Jámánì lójú-ìwé kan náà. Èdè méjì, àwòrán kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn dè mí.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? A ti ṣe é rí, a sì ṣe é dáadáa. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì sọ pé odidi ọdún mẹ́fà ni àwọn yóò fi kọ́ àwọn ọmọ kan níbẹ̀ ní gbogbo nǹkan pẹ̀lú Yorùbá: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì yóò jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ ni yóò sì máa kọ́ ọ. Wọ́n fi àwọn kíláàsì mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n ń lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ kí wọ́n tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pàdé ni pé ìwé kò sí. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì kankan ní Yorùbá tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè kà. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́. Wọ́n jiyàn lórí ohun tí wọn yóò pe nǹkan kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ́kọ́ lò ó nínú kíláàsì, wọ́n wo ibi tó ti kọ́ àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀, wọ́n sì tún un kọ. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀wọ́ ọmọ méjèèjì wé ara wọn, àwọn tó fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn ìyókù lọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ìwé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ yín jẹ́. Wọ́n dán an wò ní Ilé-Ifẹ̀, ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi dán an wò, èsì rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

Kí wá ni a ṣe lẹ́yìn rẹ̀? Owó ìwádìí parí, ìdánwò àṣewọlé sílé-ẹ̀kọ́ gíga ṣì wà ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òbí ń sáré tẹ̀ lé e. Fáfúnwá alára di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, ó sì fi ẹnu rẹ̀ polongo èdè abínibí títí ó fi papò dà ní 2010. Nílé iṣẹ́ ìjọba, òfin ń lọ ó ń bọ̀: ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ ní èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ títí dé kíláàsì kẹfà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 wọ́n fagi lé e. Ìpínlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀ ṣòfin ní 2018 pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ Yorùbá. Òfin yẹn dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ yóò fi Yorùbá náà kà nígbà tó bá mọ̀ ọ́n kà tán?

Ẹ wo ìwé Yorùbá tí kì í ṣe ìtàn àròsọ tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ jù. Ìwé Olú Dáramọ́lá àti Adébáyọ̀ Jẹ́jẹ́ lórí àwọn àṣà àti òrìṣà ilẹ̀ Yorùbá jáde ní 1967 láti ilé iṣẹ́ Oníbọnòjé. Ti C. L. Adéoyè, Àṣà àti Ìṣe Yorùbá, tẹ̀ lé e ní 1979. Iṣẹ́ ńlá ni méjèèjì, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń tẹ irú wọn jáde léraléra, a fi sọ fún àwọn ọmọ láìlanu pé ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti oyè jíjẹ ni ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ, pé bí ó bá kan ẹ̀fọn, ẹ̀dọ̀fóró tàbí iná mànàmáná, kí wọ́n lọ wá Gẹ̀ẹ́sì. Èyí dùn mí, ó sì ń bí mi nínú, nítorí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu wa fún gbogbo rẹ̀. Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Mile 12 ń fi Yorùbá ṣe ìṣirò tí ọ̀pọ̀ wa kò lè ṣe láìwo fóònù.

Obìnrin kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin tó wà níbí mọ orúkọ rẹ̀: Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòwún Ògúnṣẹ̀yẹ. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ló kà ní Cambridge kó tó di ìlúmọ̀ọ́ká nínú iṣẹ́ ilé-ìkàwé, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, láàárín àwọn ọdún 1970, òun ló wà nídìí ilé-ìkàwé àwọn ọmọdé tó wà ní Abadina, àdúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ onípò kékeré ń gbé nínú ọgbà yunifásítì. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni ibi tó gbé e sí. Àwọn ọmọ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìwé nílé. Ọ̀dọ̀ ọmọ awakọ̀, ọmọ agbálẹ̀ àti ọmọ ọlọ́dẹ ló gbé ilé-ìkàwé lọ, pẹ̀lú ìwé, àwòrán àti ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà dáadáa náà yóò rí nǹkan mú lọ. Àwọn kan ṣì ń tọ irú ọ̀nà yìí ní Èkó. Fúnmi Ilọ̀rí fi ọkọ̀ ń gbé ìwé kiri àdúgbò láti 2013 nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ iRead. Ilé-ìkàwé Zaccheus Onumba Dibiaezue tó wà ní Ìkòyí ti tọ́jú ilé-ìkàwé sínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ẹ má fi iṣẹ́ wọn ṣe àwàdà.

Irú ìwé wo wá ni mo fẹ́? Ẹ jẹ́ kí n ya àwòrán ọ̀kan fún yín.

Ní 2016, ata àti tòmátò di góòlù ní Mile 12. Apẹ̀rẹ̀ tòmátò gbówó lórí débi pé àwọn ènìyàn ń se ọbẹ̀ láìfi sí i. Àwọn ọmọ tó ń gbé ní Kétu àti Ìkòsí gbọ́ bí àwọn ìyá wọn ṣe ń kígbe lọ́jà. Ohun tó fà á ni àfòpiná kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tuta absoluta, tí kò tó èékánná ọmọdé. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ó dé Spain ní 2006, ó rin Àríwá Áfíríkà bọ̀, ó sì dé oko àwọn àgbẹ̀ wa lókè Ọya. Yóò yé ẹyin sára ewé, ìdin inú rẹ̀ yóò jáde, yóò sì máa jẹ inú ewé náà lọ láàárín awọ méjèèjì títí ewé yóò fi gbẹ. Ìjọba Kàdúná kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì. Ilé iṣẹ́ tòmátò Dangote ní Kánò ti ilẹ̀kùn nítorí kò rí tòmátò lọ̀. Àwọn oníròyìn pè é ní Ebola tòmátò.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe pọ̀ tó nínú ìwé kan ṣoṣo yìí: bí kòkòrò ṣe ń dàgbà, bí ọkọ̀ ẹrù ṣe ń rìn láti Kánò dé Mile 12 àti iye ọjọ́ tó ń gbà, ìdí tí tòmátò fi ń jẹrà lójú ọ̀nà, bí owó ọjà ṣe ń lọ sókè, ẹni tó ń jèrè, ẹni tó ń pàdánù, ìdí tí oògùn kòkòrò kì í fi í pa á mọ́ bí wọ́n bá lò ó jù. Ọmọ lè kúrò nínú ìwé, kó rìn dé ọjà, kó mú ewé tòmátò wò, kó bi àwọn aláàárù àti àwọn tó ń já ẹrù ní ọ̀rọ̀. N kò mọ ìwé òkè òkun tó lè ṣe èyí fún un.

Ààtàn Olúṣosùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òjòtá tún ń dúró de ẹni tí yóò kọ tirẹ̀: ohun tí ìdọ̀tí ń di lábẹ́ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń ti inú rẹ̀ jáde tó sì ń gbiná, iná ńlá tó jó níbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2018, àwọn ènìyàn tó ń ṣa ike àti irin níbẹ̀ tí wọ́n sì ń fi tọ́ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni afárá Third Mainland tó gúnlẹ̀ sí Òwòròńṣòkí, kìlómítà 11.8, tí wọ́n ṣí parí ní 1990. Àwọn ọmọ wa ń gba orí rẹ̀ kọjá, wọn kò sì mọ ohun tí òpó rẹ̀ dúró lé nísàlẹ̀ omi.

Àwọn ọ̀dọ́ wa, láti ọdún mẹ́tàlá sókè, ni a ṣẹ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. A rò pé bí wọ́n bá ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, WAEC àti JAMB ti tó ìwé fún wọn. Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n ń wá òtítọ́ kiri, bí a kò bá sì fún wọn, fóònù yóò fún wọn ní ohun tó jọ ọ́. Láti 2009 ni ìtàn ilẹ̀ wa ti jáde kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó pè é padà. Odidi ìran kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dúró ní pápá Gàní Fáwẹ̀hinmi ní Òjòtá, ìrìn díẹ̀ síbí, nígbà tí owó bẹntiróòlù fò láti náírà 65 kọjá 140. Ìjọba dá a padà sí 97. Ọ̀dọ́ Ògùdù tí wọ́n bí ní ọdún yẹn ti ń lọ sí girama báyìí, kò sì sí ìwé tí mo lè fi lé e lọ́wọ́ tó sọ ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan wí.

Ẹ̀jẹ̀ tún ńkọ́? Ní 2019, Boom Boom tí Jude Idada kọ, ìwé ìtàn àròsọ lórí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, gba ẹ̀bùn NLNG fún ìwé ọmọdé. Ó tọ́ sí i. Mo fẹ́ kí ìwé ìmọ̀ kan dúró tì í lórí pẹpẹ, kí ọmọ tó sunkún lórí ìtàn náà lè na ọwọ́ mú èyí tí yóò fi àwòrán hàn án bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tẹ̀ kọdọrọ, àti ìdí tí ẹni méjì tí wọ́n jẹ́ AS fi ní ewu ọ̀kan nínú mẹ́rin láti bí ọmọ tó ní àrùn náà nígbàkígbà tí wọ́n bá lóyún. Kí ó kà á ní ọdún mẹ́rìnlá, kí ó má baà jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ti ń kọ tiwọn. Atinuke, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, kọ Africa, Amazing Africa ní 2019, ó sì mú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọmọdé. David Olusoga, tí wọ́n bí ní Èkó níhìn-ín, kọ ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Britain fún àwọn ọ̀dọ́ ní 2020. Ẹ ra ìwé wọn sí ilé-ìkàwé bí agbára bá ká a. Ṣùgbọ́n wọn kò lè bá wa kọ ti odò Ògùn. Àwa la wà létí rẹ̀.

Mo sì gbà pé a lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Ìwé kékeré kan, ojú-ìwé 32, nítorí bí àwọn atẹ̀wé ṣe ń ká bébà nìyẹn, owó rẹ̀ kò sì ní ga jù. Ṣómólú tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tọ̀sán-tòru kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Yorùbá lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún, àwòrán kan náà láàárín bí Comenius ṣe ṣe é. Kí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti àwọn olùkọ́ Yorùbá jọ jókòó kọ ọ́, nítorí àwọn méjèèjì kì í sábà bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú yàrá olùkọ́. Kí a lọ bá àwọn apẹja Agbóyì àti àwọn ìyá tó ń kó ẹrù wọn gun orí àga nígbà tí omi bá dé. Kí a kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú dáàmù Ọ̀yán, kí a bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pinnu ọjọ́ tí wọn yóò tú omi. Kí àwọn ọmọ girama fi okùn àti igi tí wọ́n sàmì sí wọn omi létí odò pẹ̀lú àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kọkànlá, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn sì wà lábẹ́ àtẹ nọ́ńbà náà. Kí ìwé náà ní àkóónú níwájú àti atọ́ka ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, kí ọmọ lè kọ́ bí a ṣe ń wá nǹkan nínú ìwé. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ra ẹ̀dà tí yóò tó fún kíláàsì kan ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ́fẹ́, kí ilé-ìkàwé sì ṣí lẹ́yìn àago méjì tí ilé-ẹ̀kọ́ bá pa, nítorí ìgbà náà ni ọmọ ń ráyè.

Bí omi bá sì tún dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tí ó gba ọ̀nà tí ìwé wa kò sọ, kí a tún ìwé náà tẹ̀, kí a kọ ọ́ sí ojú-ìwé àkọ́kọ́ pé a ṣe àtúnṣe, kí a sọ ibi tí a ti ṣe é, àti orúkọ ọmọ tó kọ́kọ́ rí i.